Ẹni Tí Ó Dín Igbó Mímu Kù, Ṣé Kò Tíì Ṣe Nǹkan Kan Ni?

Igbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe igbó tí ọdẹ ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igbó tí a ń ṣán fún oko ọdún. Igbó tí àwọn ọ̀dọ́ ń dì sínú bébà, tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ sínú, ni mò ń wí. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń mi orí, tí ẹ ń wí pé, “Tíṣà, kí ni ó tún kù tí a kò tíì gbọ́? Igbó burú, ó tán.” Òótọ́ ni ẹ wí. Ẹni tí igbó bá ti di bárakú fún, ìyà ńlá ni ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá igbó burú tàbí kò burú. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ẹni tí igbó ti di bárakú fún bá ń gba ìtọ́jú, òṣùwọ̀n wo ni ẹ fi ń mọ̀ pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́?

Bí ẹ bá dá mi lóhùn pé, “Kí ó jáwọ́ pátápátá ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ asán ni,” n kò ní bá yín jà. Bí èmi náà ti máa ń dáhùn nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà.

ỌMỌ ÌYÁ ALÁṢỌ

Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nínú ìṣirò. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà wa, bàbá rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí ó jáde ìwé, wọ́n mú un lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fa igbó lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí yóò fi di ọmọ ọdún 22, kò sí ọjọ́ kan tí Ọlọ́run dá tí kì í mu tó ìdì 4. Ọ̀gá rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé kì í jí lówùúrọ̀, ayùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e ní ìka ní ọjọ́ kan.

Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ nù. Ó tú àpò rẹ̀, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Lẹ́yìn oṣù 3, ọmọ náà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹun lálẹ́ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ń sùn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé kan bàbá rẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó gbóòórùn igbó lára rẹ̀. Ilé dàrú.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí èmi náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀. Bàbá wí pé owó ti wọmi. Gbogbo ojú wá ń wò mí. Èmi náà gbé ohùn sókè bí ìgbà tí mo wà níwájú kíláàsì, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé o ti jáwọ́?”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Sà, n kò tíì jáwọ́ tán, ṣùgbọ́n—”

N kò jẹ́ kí ó sọ “ṣùgbọ́n” náà dé òpin. Mo ní kò sí ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ igbó. Bàbá rẹ̀ ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ ń sùn ní ibùdókọ̀, kò dé ilé ìwòsàn mọ́, kí oṣù 2 sì tó pé, ó ti padà sí ìdì 4 lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní, “Tíṣà, bí ọmọ bá gba 10 nínú 100 ní táàmù kan, tí ó gba 60 ní táàmù kejì, kí ni ẹ máa ń kọ sínú káàdì rẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, a máa ń kọ ọ́ pé ó ti gbìyànjú gidigidi.”

Ó ní, “Ọmọ mi ti fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ nínú ọjọ́ méje. Kí ló dé tí ẹ fún un ní òdo?”

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ̀, tí mo sì ń ka ohun tí àwọn dókítà kọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÌ Í ṢE TI ILÉ KAN

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnì kan ni. Ìwádìí ńlá tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 àti ààbọ̀ ni wọ́n mu igbó láàárín ọdún kan. Èyí jẹ́ nǹkan bí ènìyàn 11 nínú 100. Nínú ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a pín Nàìjíríà sí, ìhà tiwa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni lílo oògùn olóró ti pọ̀ jù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1964 ni Dókítà Tolani Asuni, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí ìyọnu tí igbó ń dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1966 ìjọba ológun ṣe òfin líle lórí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbìn ín lè rí ikú he. Nígbà tí ó di 1975 wọ́n dín ìyà náà kù, ní 1989 wọ́n sì dá NDLEA sílẹ̀. Òfin ṣì lòdì sí igbó títí di òní, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fa igbó ni ó ti di bárakú fún. Nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ti Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2013, àmì 11 ni wọ́n kà sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn nìyí: kí ènìyàn máa mu ju bí ó ti pinnu lọ, kí ó fẹ́ dín in kù kí ó má lè dín in kù, kí ọkàn rẹ̀ máa fà sí i ṣáá, kí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bàjẹ́ nítorí rẹ̀, kí ó máa bá ará ilé jà lórí rẹ̀ síbẹ̀ kí ó má fi í sílẹ̀, kí èyí tí ó tó o tẹ́lẹ̀ má tó o mọ́, kí ara máa ni ín bí kò bá rí i mu. Bí a bá rí 2 tàbí 3 lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì wúwo. Bí ó bá jẹ́ 4 tàbí 5, ó ti wúwo díẹ̀. Bí ó bá di 6 sókè, ó ti le.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni èyí. Nígbà tí ìwé kan náà ń sọ ẹni tí a lè pè ní ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá, kò sọ pé ẹni tí kò fẹnu kan igbó mọ́. Ó ní ẹni tí a kò rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì náà lára rẹ̀ fún oṣù 3 ni, àfi ti ọkàn tí ó ṣì lè máa fà sí i. Ìgbésí ayé ọkùnrin náà ni wọ́n ń wò, wọn kò wo bébà ọwọ́ rẹ̀ nìkan.

ÀYẸ̀WÒ ÌTỌ̀ KÒ LÈ SỌ GBOGBO RẸ̀

Àwọn òbí mìíràn máa ń wí pé, “Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.” Àyẹ̀wò ìtọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó lè sọ. Oró igbó máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń jáde. Ẹni tí ó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ lè jáwọ́ lónìí, kí àyẹ̀wò sì máa rí i nínú ìtọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó sì ti bọ́ láti ìdì 4 lójúmọ́ sí ìdì 1 lọ́sẹ̀, àyẹ̀wò tí a ń ṣe láti mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí lè má fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àná rẹ̀ àti òní rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò kan ní ìwé gbèsè tí kò ní àyè fún iye owó, àyè “ó jẹ” àti “kò jẹ” nìkan ni ó wà níbẹ̀. Oníbàárà tí ó jẹ yín ní 100,000 náírà, tí ó ti san 80,000, ṣé ẹ ó kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tí kò san kọ́bọ̀? Kò sí ìyálọ́jà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kọ 80,000 sílẹ̀, ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó sì tún béèrè 20,000 tí ó kù.

Bákan náà ni pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí dókítà bá fún ènìyàn ní oògùn, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì wálẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò ní oògùn kò ṣiṣẹ́ nítorí pé àìsàn náà kò tíì lọ pátápátá. Lórí ọtí líle náà, àjọ tí ó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti sọ ní 2015 pé wọ́n lè fi oògùn kan hàn bí èyí tí ó ṣiṣẹ́, bí kì í bá jẹ́ kí ẹni tí ó ń lò ó ní ọjọ́ ọtí àmuyíràá mọ́, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ tíì fi ọtí sílẹ̀ pátápátá.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ RÍ

Ní ti igbó, òṣùwọ̀n jíjáwọ́ pátápátá nìkan ti jẹ́ kí ìtọ́jú dà bí ohun tí kò wúlò. Ẹ wo ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 450 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004. Àwọn kan jókòó ti olùtọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí àwọn kan dúró ná. Ní oṣù kẹrin, àwọn tí ó jáwọ́ pátápátá nínú àwọn tí ó gba ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó ní ìtọ́jú náà kùnà. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà yìí ti dín igbó mímu kù púpọ̀ ju àwọn ìyókù lọ, wàhálà tí igbó ń kó bá wọn sì ti dín kù pẹ̀lú.

Ní 2024 àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ìtọ́jú 7 pọ̀, wọ́n ń wá bí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ dín igbó kù tó kí olùtọ́jú tó lè rí i pé ayé rẹ̀ ti dára sí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí ọjọ́ tí ènìyàn ń mu ún bá dín kù ní nǹkan bí ìdajì, tí iye tí ó ń mu sì dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a máa ń rí ìyípadà rere lára onítọ̀hún. Èyí kò fi hàn pé dídínkù náà nìkan ni ó fa ìyípadà náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ ń rìn.

Mo mú bíírò, mo ṣe ìṣirò ọmọ ìyá aláṣọ. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 30 lóṣù, ìdì 4 lójúmọ́, ó jẹ́ ìdì 120. Nígbà tí a lé e jáde, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 8, ìdì 2 lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Ọjọ́ mímu rẹ̀ ti dín kù ju ìdajì lọ, iye tí ó ń mu sì ti dín kù ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ọmọ náà ti yege nínú òṣùwọ̀n méjèèjì ní ọjọ́ tí mo gbé ohùn sókè sí i. Àyà mi já.

BÍ A TI LÈ ṢE ÌṢIRÒ NÁÀ NÍLÉ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹni yín kan bá wà nínú irú ìtọ́jú yìí, ẹ wá ohun tí ó jù “o ti jáwọ́ àbí o kò tíì jáwọ́” lọ.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ó ní kàléńdà tirẹ̀, kí ó máa sàmì sí ọjọ́ tí ó mu àti ọjọ́ tí kò mu. Àwọn olùtọ́jú pẹ̀lú ń lo kàléńdà báyìí. Ẹ má ṣe fi pàṣán dúró tì í nígbà tí ó bá ń kọ ọ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í kọ òótọ́.

Èkejì, kí ó kọ iye tí ó mu sílẹ̀, àti iye owó tí ó ná sí i. Ìdì kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, agbára igbó kan sì ju ti òmíràn lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìdì kan tí ó le dípò ìdì mẹ́ta tí kò le kí ó máa pè é ní ìtẹ̀síwájú.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ìgbésí ayé rẹ̀. Ṣé ó ń jí lọ síbi iṣẹ́? Ṣé ó ń sùn? Ṣé owó ń kù lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ìjà ilé ti dín kù? Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn gbé àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ara ìwòsàn wọn. Ọgbọ́n ilé wa ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra kí ó má ṣe fi ọtí tàbí oògùn mìíràn dí àlàfo tí igbó fi sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe dídínkù.

Ẹ sì mọ̀ pé ara máa ń ni ènìyàn bí ó bá ń fi í sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, inú lè máa bí i sódì, oorun lè dá, oúnjẹ lè má wù ú, àlá kíkankíkan lè máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ó máa ń le jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń rò pé ìwà burúkú ọmọ ni ó tún dé, tí wọ́n á sì bá a jà ní ọ̀sẹ̀ tí ó nílò wọn jù lọ.

ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÁN AN WÒ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí o. Àwọn kan wà tí jíjáwọ́ pátápátá ni ohun tí a gbọ́dọ̀ máa lé. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, igbó lè dá àìsàn náà padà. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ọmọ ilé ìwé tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ẹ má ṣe bá a ná an ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Awakọ̀ àti ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ mu ún dé ìdí iṣẹ́ láéláé. Fún àwọn ìyókù náà, jíjáwọ́ ni ó dára jù, òun sì ni kí a máa tọ́ka sí. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tí ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kò sí ní ilé mọ́, kí a má ṣe dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò tíì dé òpin.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ DÚRÓ

Mo lọ bá bàbá ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣi ìṣirò ṣe. Àwa méjèèjì ni a jọ lọ sí ibùdókọ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí wa, ó fẹ́ sá. Bàbá rẹ̀ ní, “Má sá. Ṣùgbọ́n tí o fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, a ti wá gbọ́ ọ.”

Ó ti padà sí ilé ìwòsàn. Kò tíì jáwọ́ tán. Ní oṣù tí ó kọjá, ó mú kàléńdà rẹ̀ wá fi hàn mí. Ọjọ́ 3 ni ó sàmì sí nínú gbogbo oṣù náà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti fi ọmọ iṣẹ́ tuntun kan sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí oṣù tí ń bọ̀ dára ju èyí lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sà, máàkì wo ni ẹ fún mi?”

Mo ní, “Ó ti gbìyànjú gidigidi. Ó ṣì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀yin ará, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi wọgbà. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò fi jáde, ẹ jẹ́ kí a ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un.